Akíka Tó Dúró De Àlejò

Ní gbogbo Adó-Èkìtì, bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ ohun tí akíka ń jẹ àti ohun tí kì í jẹ, ọ̀dọ̀ Monínúọlá ni wọn yóò júwe fún yín. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń tọ́jú ẹranko nínú ọgbà kékeré kan nítòsí Òkè-Ìlá, níbi tí ọ̀bọ mẹ́ta, ọ̀nì arúgbó kan àti àwọn ìjàpá ti jọ ń jẹ owó ìjọba pẹ̀lú rẹ̀. Akíka ò sí níbẹ̀ rí. Ẹranko tí ìpẹ́ bò láti orí dé ìrù, tó máa ń ká ara rẹ̀ bí òṣùká bí ẹ̀rù bá bà á, ó ti wọ́n nínú igbó débi pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú kò rí i rí àfi nínú ìwé.

Ọláyíwọlá, ọdẹ kan láti Ìgèdè, ló gbé ọ̀kan wá. Pàkúté rẹ̀ ló mú ẹranko náà lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin náà ti ń pọ́n ọ̀bẹ kó tó rántí ohun tí Monínúọlá wá sọ fún àwọn ọdẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́dún tó kọjá: "Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí akíka, ẹ má pa á. Ẹ gbé e wá, màá wò ó sàn, màá sì dá a padà síbi tó ti wá." Ó fi ẹran ọbẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó gun ọ̀kadà wá sí Adó. Kò gba kọ́bọ̀.

"Ẹ ṣáà jẹ́ kó padà sí ugbó, Mọ́mì," ló wí. Monínúọlá ṣèlérí.

Akíka kì í jẹ iṣu, kì í jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ikán àti èèrà ni tirẹ̀, ààyè sì ni. Láràárọ̀ ni obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta yìí ń gbé ọkọ́, tó ń hú ògán kiri. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tó di Mọ́ńdè, Dásọ́lá, dókítà ẹranko, yẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó ní ó ti jiná.

"Lọ́la ni ká gbé e lọ, mà. Irú ẹranko yìí kì í pẹ́ nínú àhámọ́."

Àmọ́ ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì Monínúọlá ń bọ̀ wá wo ọgbà náà ní Sátidé. Fúnkẹ́mi, ààrẹ ẹgbẹ́, yóò wà níbẹ̀, ẹni tó máa ń bi í lójú gbogbo ènìyàn pé, "Ṣé ọ̀bọ lo ṣì ń bọ́?" tí gbogbo wọn á sì bú sẹ́rìn-ín. Monínúọlá fẹ́ kí wọ́n rí nǹkan gidi lọ́wọ́ òun, lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ má bá mi bú u. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n kí òun kú iṣẹ́?

"Dókítà, ẹ jẹ́ kó di Sátidé," ló sọ. "Bí àwọn àlejò bá ti lọ, a ó gbé e lọ."

Ẹ sì mọ̀ wá: a kì í jẹ́ kí àlejò bá ilé wa ní jákujàku. Ní Fráídè, Monínúọlá gbálẹ̀, ó ro ẹ̀bá ọ̀nà, ó kun àwọn òkúta ní funfun. Ìgbà náà ló rí ìjàlọ tí wọ́n tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé akíka, níbi tí àwọn obìnrin náà yóò dúró sí. Sálúbàtà ni wọn yóò wọ̀ wá. Ó mú oògùn kòkòrò oníyẹ̀fun, ó wọ́n ọn yíká bó ṣe máa ń wọ́n ọn nílé, kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó padà sílé láti lọ aṣọ rẹ̀.

Ìjàlọ tó tẹ oògùn náà kò kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wọlé tọ akíka lọ, akíka sì rí oúnjẹ.

Láàárọ̀ Sátidé, ẹnu géètì ni Monínúọlá wà títí àwọn obìnrin náà fi dé. Nígbà tó mú wọn dé ọ̀dọ̀ akíka, ẹranko náà ti ká ara rẹ̀ jọ sí igun.

"Ó ń sùn ni," ló wí. "Alẹ́ ló máa ń jí."

Wọ́n ya fọ́tò. Ẹnu yà wọ́n. Fúnkẹ́mi fúnra rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Monínúọlá, o kú uṣẹ́ o. A ò mọ̀ pé báyìí nuṣẹ́ rẹ ti tó."

Ọ̀rọ̀ tó ti ń retí láti ọdún mọ́kànlélógún nìyẹn. Bí Fúnkẹ́mi ti di ọwọ́ rẹ̀ mú, Monínúọlá rí èèrà kan tó ń gun ìrù akíka bọ̀. Èèrà náà rìn dé imú akíka. Akíka kò yọ ahọ́n. Òmíràn tẹ̀ lé e. Monínúọlá wo ìyẹ̀fun oògùn tó wà nílẹ̀, ó sì yé e. 

"Ẹ ṣé o," ló wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ya fọ́tò tán.

Lọ́sàn-án, Ọláyíwọlá gun ọ̀kadà dé. Inú rẹ̀ dùn; ó ní òun mọ ibi tí ikán ti pọ̀ dáadáa, òun yóò mú wọn lọ. Monínúọlá sọ gbogbo bí akíka ṣe kú fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́, títí dórí sálúbàtà. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ìpẹ́ akíka.

"Mọ́mì, ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti sè é. Ebi ń pa àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ yẹn."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá sàn fún Monínúọlá ká ní ó bú u. Ọláyíwọlá tẹ ọ̀kadà rẹ̀, ó padà sí Ìgèdè, ó sì ròyìn fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọdẹ kankan tó gbé ẹranko wá fún Monínúọlá mọ́, òun náà kò sì lọ bẹ̀ wọ́n.