Ẹnu Tó Kọ Fèrè Sílẹ̀

Afọnmásinmi ni wọ́n ń pè é, nítorí bó bá gbé fèrè saksofóònù sẹ́nu, ó lè rẹ olórin, kò ní í rẹ̀ ẹ́. Olórin kan tiẹ̀ máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ó ní ẹ̀dọ̀fóró kan pamọ́ sínú orúnkún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n pè é sí sítúdíò, kó fọn fèrè sínú orin ẹlòmíì, kó ti fèrè bọ àpótí, kó máa lọ sílé. Orúkọ olórin ló ń wà lára àwo. Ìyẹn kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn ún ni pé orin kún inú òun náà, ẹnì kan kò sì béèrè rẹ̀.

Irun rẹ̀ ti ń funfun kí olùdarí fíìmù kan tó béèrè. Obìnrin náà kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní kó kọ gbogbo orin inú fíìmù òun, ìtàn opó kan tí odò gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Afọnmásinmi sé ara rẹ̀ mọ́ yàrá ẹ̀yìn. Yóò wo àwòrán, yóò dá a dúró, yóò fọn, yóò kọ ọ́ sílẹ̀, yóò pa á rẹ́. Ibi tó le jù ni ìparí, níbi tí opó náà ti jókòó sétí odò láìsọ̀rọ̀. Fèrè nìkan ni yóò dún níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba orin ìparí yẹn sílẹ̀, bó ṣe ń fọnu, omi ń dà jáde lápá òsì. Ó wo dígí. Ojú òsì kò ṣẹ́ mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀ bí aṣọ tútù.

Dókítà ní iṣan ojú ló dákẹ́. "Ó lè padà, Bàbá, ó sì lè má padà."

"Fèrè mi ńkọ́?"

Dókítà kọ oògùn fún un.

Afọnmásinmi gbìyànjú fèrè nílé. Atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ yọ, itọ́ ń ṣàn sí i láyà.

Olùdarí fíìmù wá kí i. "Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè dúró. Ẹlòmíì ló máa bá wa fọn ún. Àbúrò yín ni mo fẹ́."

Afọnmásinmi ló kọ́ àbúrò yìí ní fèrè lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Àmọ́ nígbà tí gbajúmọ̀ olórin kan pe àbúrò dípò ẹ̀gbọ́n, Afọnmásinmi lé e jáde nílé bí ẹní lé olè, ó ní kó má pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Láti ìgbà náà, wọn kò kíra.

"Kó máa bọ̀," ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu wí.

Ní sítúdíò, àbúrò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bó ṣe gbójú sókè, omijé dé.

"Má wò mí. Ìwé orin ni kó o wò."

Àbúrò fọn ún. Afọnmásinmi mirí lẹ́yìn gíláàsì, ó sì wọlé tọ̀ ọ́. "Obìnrin yìí ò sunkún. Ó ti sunkún tán. Má jẹ́ kí fèrè gbọ̀n." Ó fi ìka méjì gbé ètè òsì rẹ̀ sókè, ó ń fi imú kọ orin náà fún un. Ohùn tó jáde burú débi pé ẹni tó ń ṣètò ẹ̀rọ yíjú sí ògiri. Àbúrò kò yíjú. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé fèrè sẹ́nu.

Ó dáa ju bí Afọnmásinmi fúnra rẹ̀ ì bá ti fọn ún lọ. Òun náà mọ̀. Ó lọ ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìtọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," àbúrò ké láti ìta, "ṣé ó dáa?"

"Ó dáa. Máa lọ sílé."

Fíìmù náà jáde, iṣẹ́ sì ń wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò padà. Gbogbo ẹni tó bá pè ló ń ní kí Afọnmásinmi kọ orin, kí àbúrò rẹ̀ fọn ún. Ó ń gbà. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò ní kí àbúrò wá sílé rí.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò wá gbé ìwé orin. Afọnmásinmi wà nídìí tábìlì, ó so aṣọ ìnura mọ́ ọrùn, ọbẹ̀ ń ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Dádì, àbúrò yín wà nínú mọ́tò níta," ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kí n pè é wọlé, kó wá jẹun."

"Mi ò fẹ́ kó rí mi níbi tí mo ti ń jẹun."

Ìyàwó bu oúnjẹ sínú àwo, ó dé e, ó gbé e lọ bá a nínú mọ́tò.