Ọgọ́fà Àpótí Láti Afo

Ní ọdún 1977, lẹ́yìn tí ìjọba tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ tò, àṣẹ wá pé kí gbogbo fáìlì Ipele àti ti Afo wá bá ti Ọ̀wọ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo. Sylvanus ló ń tọ́jú yàrá náà. Ó ti ṣe akọ̀wé fáìlì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, bébà kan kò sì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Oṣù kẹta rèé tó sin ìyàwó rẹ̀, Adéfúnkẹ́, ọmọ Afo. Ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú ló padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá kí i kú ìrọ́jú, á dáhùn, á sì tẹ orí padà sínú ìwé rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá tuntun, Ọ̀gbẹ́ni Ọlámúyìwá, tí kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún, wọlé pẹ̀lú ìwé kan lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ bá mi fọwọ́ sí i. Ọgọ́fà àpótí Afo, a ó sun wọ́n lọ́jọ́bọ̀."

Sylvanus ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà. Inú àwọn àpótí yẹn ni àdéhùn ààlà oko Afo wà: ibi tí oko kòkó lágbájá parí sí, ibi tí ti tàmẹ̀dò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ka sí wọn ti kú. Bí bébà bá jóná, àdá ni yóò kù tí wọn ó máa fi ṣe ẹlẹ́rìí.

"Kí ló dé tí a ó fi sun wọ́n, sà?"

"Àyè ò sí. Ẹ wò ó." Ọ̀gá fi ìka tọ́ ìṣirò rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ní ogójì dúrọ́ọ̀. Ipele ní àádọ́rùn-ún ìdì. Afo ní ọgọ́fà àpótí. Ó ti rò wọ́n pọ̀, ó jẹ́ igba ó lé àádọ́ta. Yàrá náà, gẹ́gẹ́ bó ti wí, kò lè gbà ju àádọ́jọ lọ. "Afo ló pọ̀ jù, Afo ló máa lọ."

"Àádọ́jọ kí ni, sà?"

"Àádọ́jọ... ẹrù."

Rùfáì, káfíńtà tó ń kan pẹpẹ mọ́ ògiri, yọ ìṣó kúrò lẹ́nu. "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ẹ ro màlúù pọ̀ mọ́ ewúrẹ́ mọ́ adìyẹ, ẹ wá ní ọgbà ò gbà wọ́n. Adìyẹ lẹ sì fẹ́ lé jáde, torí pé ó pọ̀!"

"Iṣẹ́ pákó la gbé fún ọ."

"Pákó náà ni mò ń kàn, sà. Etí mi ni ò ní ìlẹ̀kùn."

Sylvanus ti ìwé náà padà sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá. "N kò ní fọwọ́ sí i."

Ọlámúyìwá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, mo mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ń bẹ lára yín. Mo gbọ́ pé ará Afo ni ìyàwó yín. Ẹ lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹlòmíràn á bá wa fọwọ́ sí i."

Ohùn Sylvanus kò gòkè. "Ìyàwó mi ni mo sin, sà. N kò sin ojú mi mọ́ ọn."

Ó dìde, ó yá rúlà Rùfáì, ó ṣí àpótí Afo àkọ́kọ́. Ewé dongoyárò gbígbẹ ló kún un dé ẹnu. Akọ̀wé Afo fi ń lé ikán. Ó kó ewé náà dà sílẹ̀. Fáìlì méjì péré ló wà nísàlẹ̀. Ó tẹ̀ wọ́n pọ̀, ó fi rúlà sí i: ìǹṣì mẹ́ta.

"Odindi àpótí kan fún fáìlì méjì?" ni ọ̀gá wí.

Sylvanus mọ ìdí rẹ̀. Ní Afo, ìdílé méjì tó ń jà lórí ààlà kì í jẹ́ kí ìwé wọn wà nínú àpótí kan náà. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló gbé àpótí tirẹ̀ wá, bó ti wù kí ìwé inú rẹ̀ kéré tó. Adéfúnkẹ́ ló sọ ọ́ fún un lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra. Àpótí bàbá rẹ̀ wà lára wọn.

"Ẹni tó ka àpótí, igi ló kà," ni Sylvanus wí. "Bébà la fẹ́ tò síbí. Ohun kan náà ni ká fi wọn gbogbo rẹ̀, ì báà ti inú dúrọ́ọ̀ wá, ì báà jẹ́ okùn ni wọ́n fi dì í."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wọ̀n wọ́n. Ó ń tú ìdì, ó ń fa dúrọ́ọ̀, ó ń tẹ bébà pọ̀, ó ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá ń kọjá, ó ń pòṣé. Àwọn òṣìṣẹ́ ń yọjú lójú fèrèsé: "Télọ̀ fáìlì, ẹ kú iṣẹ́ o! Ìgbà wo lẹ máa rán ṣòkòtò wọn?" Fáìlì Ọ̀wọ̀ jẹ́ ọgọ́rin ẹsẹ̀ bàtà. Ti Ipele jẹ́ márùndínláàádọ́ta. Ti Afo, èyí tí wọ́n ní ó pọ̀ jù, jẹ́ ọgbọ̀n péré. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ márùndínlọ́gọ́jọ, bẹ́ẹ̀ pẹpẹ Rùfáì gùn tó ọgọ́sàn-án.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Rùfáì wí, "àwọn ìdílé tó ń jà ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kó wọn ti ara wọn lórí pẹpẹ kan?"

"Gé pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí àárín wọn."

"Ká ní mo mọ̀, mi ò bá ti kan irú rẹ̀ sáàárín àwọn ìyàwó mi méjèèjì!"

Sylvanus kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kún ìṣirò rẹ̀ fún pákó àárín.

Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù tó fẹ́ kó àpótí Afo lọ sun dé lọ́jọ́bọ̀, fáìlì Afo ti wà lórí pẹpẹ. Ọlámúyìwá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ló ní kí ẹ kó wọn síbẹ̀?"

"Èmi ni."

"Mo ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì àgbà pé kò sí àyè!"

"Ẹ kọ òmíràn, sà. Ó ṣẹ́ ku ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógún."

"Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ wá."

Sylvanus gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó gbé ìwé orúkọ fáìlì tì í. "Òfin ni, sà. Ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, yóò ka fáìlì wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì fọwọ́ sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan pé òun gbà á. Lẹ́yìn náà, ó lè sun wọ́n lórúkọ ara rẹ̀."

Ọlámúyìwá jókòó. Ó mú bírò. Ó ṣí ojú ewé kìíní, ó ṣí ìkejì, ó ṣí ìkẹta. Dẹ́rẹ́bà fun fèrè níta. Ó gbé bírò sílẹ̀.

"Kúẹ́rì ni mo máa fún yín, Bàbá."

"Ẹ kọ ọ́, sà."

Ọkọ̀ náà padà lófìfo. Kúẹ́rì dé lọ́jọ́ Ẹtì: kí Sylvanus ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n jẹ ẹ́ níyà nítorí pé ó kọ àṣẹ. Ó jókòó, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ gún, ó kọ èsì ìlà kan péré sí i: *Mo kọ̀ ọ́, bí ẹ bá sì tún gbé e wá, n ó tún kọ̀ ọ́.* Ó fọwọ́ sí i, ó sì fi ọjọ́ sí i.