Ìyá Àgbà Bọ́ Síbi Oyè Mi

Ṣadé, jókòó ná kí n tó gbàgbé àlá tí mo lá lóru àná. Wọ́n ń ka orúkọ àwọn tó ṣe àṣeyọrí ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn wa ní yunifásítì. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa gba àmì ẹ̀yẹ, wọ́n sì ń ti àmì ẹ̀yẹ náà bọ inú tíì wọn bíi búrẹ́dì. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Nígbà tó kan èmi ọ̀mọ̀wé tuntun, ìyá ìyá mi ló dìde. Wọ́n wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́yege mi, wọ́n jókòó sórí àpótí tí wọ́n máa ń jókòó lé dáná, wọ́n ṣí ìwé ìwádìí mi. Bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ̀wé.

"Ta ló sọ fún ẹ pé omíyalé ló lé àwọn baba ńlá wa kúrò nílùú àtijọ́?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá."

"Èyí ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà ni."

Wọ́n ṣí i títí dé ẹ̀yìn. "Ìwọ wá sọ èwo?"

Mo ní, "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́."

Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Mo jí, mo ń rẹ́rìn-ín. Mo wá lọ ṣí ìwé náà. Ní ojú ewé ìdúpẹ́, mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá mi di ìwé. Ìsàlẹ̀ ojú ewé kan, níbi tí mo kọ ẹni tó sọ ìtàn fún mi sí, ni mo ti rí Màmá: "àgbàlagbà obìnrin kan."

Sátidé yìí ni Màmá ń bọ̀ kí n lè ka ìwé náà sí wọn létí.