Ilẹ̀kùn Màmá Onípákó

Gúnrégé kúnlẹ̀ ti ilẹ̀kùn tó gbé dùbúlẹ̀, ó ń fi ìfági fá ìsàlẹ̀ rẹ̀, fàà, fàà, èérún pákó sì ń ká jọ sí i lẹ́sẹ̀. Òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, kò dúró nù ún. Aago mẹ́rin ni báǹkì ń tì. Aago ara ògiri ṣọ́ọ̀bù náà ti kọjá mẹ́ta.

"Rọra fá a o," ni Alágbàrù tó ń to pákó lẹ́yìn rẹ̀ wí. "Bó o bá fá a jù, eku á máa gba abẹ́ rẹ̀ wọlé láìkan ilẹ̀kùn."

"Pákó ni wọ́n ní kó o tò. Ẹnu rẹ ò sí lára ẹrù."

Màmá Onípákó jókòó, fóònù rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Owó gbèsè tí Gúnrégé jẹ ẹ́ ti wọ inú àpótí rẹ̀, ó pé, kò dín kọ́bọ̀. Síbẹ̀ kò tíì pe báǹkì.

Ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀. Lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, Gúnrégé kó pákó láwìn lọ́wọ́ màmá yìí, ó fi kan àga fún oníbàárà kan tó kó àga lọ tí kò sanwó. Dípò kó wá ṣàlàyé, ó sá. Màmá fẹjọ́ sun báǹkì tí àwọn méjèèjì ń lò, wọ́n sì kọ ajigbèsè sí orúkọ rẹ̀. Láti ìgbà náà, Gúnrégé kò gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yìí kọjá mọ́. Ìpẹ̀kun ìlú ló ti ń ra pákó, lówó tó wọ́n ju ti ibí lọ, yóò sì tún háyà ọkọ̀ tí yóò kó o wálé. Ìyàwó rẹ̀ ló jókòó ṣírò rẹ̀ lóṣù tó kọjá.

"Bàbá àwọn ọmọ mi," ló wí, "owó tó o fi sá fún gbèsè yìí ì bá ti san án lẹ́ẹ̀mejì."

Ẹni tó ń sá fún gbèsè, èlé ló ń san fún ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Iṣẹ́ ńlá sì dé: tábìlì àti bẹ́ǹṣì fún gbogbo kíláàsì iléèwé kan. Báǹkì yóò yá a lówó pákó, bí Màmá bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí lónìí pé gbèsè ti tán. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́la ni ọ̀gá iléèwé yóò gbéṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Gúnrégé ta alùpùpù rẹ̀, ó sì kó owó wá lọ́sàn-án òní.

"Owó pé," ni Màmá wí. "Àmọ́ gbèsè méjì lo jẹ mí. Wo ilẹ̀kùn yẹn."

Gúnrégé wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kọ́, kó tó sá. Ó ti dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wọ́ nílẹ̀.

"Màmá, káfíńtà pọ̀ nígboro. Ẹ ò pe ẹnikẹ́ni?"

"Mo pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ káfíńtà mìíràn tó bá wà láàyè, àfi tó bá yọ̀ǹda. Wọ́n pè ẹ́, o ò gbé fóònù. Èjìká ni mo fi ń gbé ilẹ̀kùn yìí kí n tó rí i tì. Lójoojúmọ́ ni mo ń dárúkọ rẹ."

"Ṣé ẹ ń fi mí sádùúrà ni, Màmá?"

"Àdúrà kọ́."

Bó ṣe tú ilẹ̀kùn náà ló rí ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. Ìṣó kúkúrú ló fi kan híńjì òkè, nítorí ó ń kánjú. Ó ju gbogbo wọn nù, ó lo gígùn. Nígbà tó fá ìsàlẹ̀ rẹ̀ tán, òun àti Alágbàrù gbé ilẹ̀kùn kọ́. Ó há. Wọ́n tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀, Gúnrégé fá a díẹ̀ sí i, wọ́n tún gbé e kọ́.

Màmá dìde. Ọmọ ìka tó kéré jù ló fi tì í. Ilẹ̀kùn lọ wọ́ọ́rọ́, ó pa dé. Ó ṣí i, ó tún tì í. Ó tún ṣí i.

"Màmá, aago!"

"Jẹ́ n gbádùn ilẹ̀kùn mi!" Ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé fóònù sétí. "Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Gúnrégé ti san gbèsè mi. Bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀, tòun ti èyí tí ẹ ò mọ̀. Ẹ bá mi nu orúkọ ọmọ mi mọ́." Ó tẹ́tí, ó mi orí. "Wọ́n ti nù ún! Wọ́n ní kó o máa bọ̀ wá fọwọ́ síwèé, wọn ò tíì tì."

Gúnrégé fò sókè. Ó da irinṣẹ́ sínú àpò, ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó gbé àpò kọ́ èjìká, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Gúnrégé! Ṣé kí n kó pákó iléèwé sílẹ̀ fún ẹ láwìn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá! Owó lọ́wọ́ ni!"

Alágbàrù bú sẹ́rìn-ín. Gúnrégé fi ìka kan fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀, kò dún. Ó bọ́ sí títì iwájú, ó sì ki eré mọ́lẹ̀.