Leica Àwọn Ìyá Ìjọ

Láńre ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, àmọ́ tí mo bá ní kí n di gbogbo ẹ̀bi rù ú, irọ́ ni màá pa. Òun ni olórí àwa tí à ń ya fọ́tò àti fídíò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mitchellville, lókè òkun níbí. Tí kò bá ti rí nǹkan ṣe níbi iṣẹ́, orí WhatsApp wa ló máa ń sá sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bi wá pé tá a bá lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kámẹ́rà wo la máa rà. Ẹnì kan ní èyí tí wọ́n fi ń ya sinimá ni tòun. Ẹlòmíì ní òun fẹ́ èyí tó ń fò, tó lè lọ sí Baltimore kó sì padà wálé fúnra rẹ̀. Èmi ní Leica.

Ká ní mo dákẹ́ síbẹ̀ ni. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní kámẹ́rà kékeré dúdú ni, kì í pariwo rárá. Tó o bá tẹ̀ ẹ́, ẹni tó jókòó tì ọ́ lè má gbọ́. O lè gbé e kọ́rùn, kó o máa rìn láàárín ìgboro, kí ẹnikẹ́ni má sì tún gèlè ṣe nítorí rẹ. Mo ní ó ti sú mi kí n máa ya àwọn èèyàn tó ti gbé ẹ̀rín kalẹ̀ dè mí. Láńre rẹ́rìn-ín sí i, a sì ti ibẹ̀ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni ọ̀rọ̀ Chicago. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan níbẹ̀ ti rí fọ́tò tí mo yà nípa àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ní New Carrollton. Anna, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ayàwòrán wọn, ní kí n máa bọ̀ wá ṣiṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ èsì lẹ́nu mi kí oṣù tó parí. Láti kékeré ni mo ti ń fẹ́ irú iṣẹ́ yìí. Ní ọ́fíìsì ìjọba tí mo wà, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, tójú mi á sì ti wú kí n tó délé.

Mọ́mì mi nìkan ni mo sọ fún. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nínú kíṣìnnì wa ní Glenn Dale. Wọ́n kàn sọ pé, "Chicago. Òtútù ibẹ̀ mà le o," wọ́n sì ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Mo rò pé mo ti bọ́.

Àwa méjèèjì nìkan ló kù nínú ilé náà látìgbà tí Dádì ti kú. Mọ́mì ní láísẹ́ǹsì, àmọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ńlá kan ti gbá wọn lórí Route 50, wọn ò fọwọ́ kan stíárìn mọ́. Bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa, iyọ̀ lásán, mọ́tò lo máa fi lọ rà á. Èmi ló ń gbé wọn lọ sí ọsibítù, èmi ló ń gbé wọn lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ní Sunday, kí n tó gbé kámẹ́rà sí mọ́tò, Mọ́mì á ti jókòó síbẹ̀, wọ́n á ti de bẹ́líìtì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa ìjọ wa: ẹnì kan kì í sọ pé òun fẹ́ nǹkan kó lọ lásán. Ohun tó o bá fẹ́ ti di kókó àdúrà nìyẹn. Mọ́mì ka ohun tí mo kọ nípa Leica lórí fóònù mi, wọ́n sì gbé e lọ fún Mọ́mì Dámi, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ni àwọn ìyá bá bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Mo rí i pé Mọ́mì kì í jẹun àárọ̀ mọ́, mo rò pé nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo tiẹ̀ tún ń yìn wọ́n!

Nígbà tó di Sunday, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, mò ń ya ọmọ tuntun kan tí wọ́n gbé wá fún ìyàsímímọ́. Pásítọ̀ Adébọ̀wálé bá pè mí.

"Sister Èyíwùnmí, gbé kámẹ́rà yẹn sílẹ̀ jàre. Ó ti ṣiṣẹ́ tó."

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mi ò mọ ohun tí wọ́n mọ̀. Mọ́mì Dámi ń bọ̀ pẹ̀lú páálí kan lọ́wọ́, mo sì ti dá páálí náà mọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo ṣí i. Leica ni lóòótọ́.

Mo wá yí i padà. Àwọn èèyàn wa kì í fúnni ní nǹkan kí wọ́n má kọ ọ́ sára. Gbogbo àga ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbogbo fáànù, títí kan korobá inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ló ní orúkọ ẹni tó fi í tọrẹ. Wọ́n ti gbé kámẹ́rà náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fín irin. Gàdàgbà ni wọ́n kọ ọ́ sí i lára, wọ́n sì fi àwọ̀ góòlù kùn ún: SÍ ÒGO ỌLỌ́RUN. LÁTI ỌWỌ́ ẸGBẸ́ ÀWỌN ÌYÁ. OHUN ÌNÍ ÌJỌ ORÍSUN AYỌ̀, MITCHELLVILLE.

Pásítọ̀ ní kí n tún kúnlẹ̀. Wọ́n da òróró sí mi lọ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ẹ sì mọ bí Àmín wa ṣe rí, kì í dúró de ìparí gbólóhùn.

"Olúwa yóò gbé ọ ga!"

"Àmín!"

"O ò ní ṣàìsàn!"

"Àmín!"

"Ẹsẹ̀ rẹ ò ní yà kúrò láàárín wa, inú ilé yìí ni wàá ti dàgbà, tí wàá ti darúgbó!"

Àmín tèmi ló ròkè jù. Ó ti jáde kí etí mi tó gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Mo gbójú sókè. Gbogbo ìjọ ti dijú, àfi Mọ́mì. Ojú wọn wà lára mi. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé wọ́n ti mú mi.

Ẹ lè ní kí ló dé tí mi ò dìde kí n sọ̀rọ̀. Ta ló máa sọ ọ́? Ìyá àgbà kan tó ń fọ̀pá rìn wá di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ààwẹ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, àmọ́ Bàbá dáhùn." Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹ ṣé mà.

Bá a ṣe ń lọ sílé lórí Enterprise Road, Mọ́mì gbé páálí náà sórí itan.

"Mọ́mì, ṣé ẹ sọ fún wọn pé mo fẹ́ lọ?"

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ilé wa nìyẹn."

"Ẹ wá lọ sọ ti kámẹ́rà."

"Ṣebí ìwọ lo ní o fẹ́ ẹ. Àbí o ò fẹ́ ẹ mọ́?"

"Mọ́mì, that's not the point."

"Má sọ òyìnbó sí mi. Ṣé o ò fẹ́ ẹ mọ́?"

Mo fẹ́ ẹ. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Kí n tó páàkì tán kí n wọlé, wọ́n ti gbé kámẹ́rà náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀, láàárín àwọn abọ́ tí ẹnì kan ò tíì fi jẹun látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Wọ́n ti tì í pa.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

"Sunday ni màá fún ọ. Ti ìjọ ni, kó má gba eruku."

"Mọ́mì, mo máa lọ sí Chicago. Mi ò ní sí níbí ní àwọn Sunday yẹn."

Wọ́n ń tú gèlè wọn, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí mi. Mo ti múra sílẹ̀ de ariwo. Wọn ò pariwo.

"Ta ló máa wá máa gbé mi?" Ohùn wọn kéré gan-an.

"Ẹ lè máa pe Uber. Láńre náà lè máa yà wá gbé yín." Ojú ara mi tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

"Láńre ò mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń bà mí tí trailer bá ń kọjá."

Lóòótọ́, kò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo mọ̀ pé tí trailer bá ti ń bọ̀, èèyàn á yà sọ́wọ́ ọ̀tún, á sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ títí á fi kọjá.

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé wọn lọ rí dókítà wọn. Mo jókòó sínú mọ́tò níta, mo pe Anna. Mo ní mi ò ní lè wá. Ó bi mí bóyá owó oṣù ló kéré, ó ní òun lè bá wọn sọ ọ́ kí wọ́n fi kún un. Mo ní rárá o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ó ní kí ló wá dé?

Mọ́mì ti jáde sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n dúró níbẹ̀ pẹ̀lú báàgì wọn, wọ́n ń wá mọ́tò wa kiri. Mo tẹ họ́ọ̀nù kí wọ́n lè rí mi.