Àǹtí Tó Wà Lẹ́yìn Ọmọ Méjèèjì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń tú ilé ká, ẹ fi àríyànjiyàn ilé ẹ̀kọ́ fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Tíṣà lẹ́sìnnì ni mí, yàrá ìdáná ẹ̀gbọ́n mi ni mo sì ti ń ran àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àṣetiléwá. Ilé ẹ̀kọ́ wọn ní kí wọ́n jiyàn lórí ìjọ ayé àtijọ́: ṣé ó dára bí àwọn àlùfáà ṣe ń fi èdè Látìn gbàdúrà, àbí èdè ará ìlú ló yẹ kí wọ́n lò? Ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ méjèèjì, tí a ń pè ní Lọ́yà, gbèjà Látìn. Àbúrò rẹ̀, Jẹ́jẹ́, gbèjà ará ìlú. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kan bá wọ yàrá, èkejì á jáde. Ó dùn mí dé egungun.

Lọ́yà bá mi nídìí síńkì. "Àǹtí, èmi nìkan lẹ máa ràn lọ́wọ́ o."

Mo ní kò burú. Mo sọ fún un pé àlùfáà tó ti òkèèrè dé lè fi Látìn bá wọn ṣe ìsìn láìwá ògbufọ̀. Kò pẹ́ tí Jẹ́jẹ́ náà yọ́ wọlé, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún òun náà pé ṣe ni àgbẹ̀ tí kò gbọ́ Látìn kàn ń ṣàmín sí ohun tí kò yé e. Mo mọ̀ pé ẹlẹ́nu méjì ni mí, àmọ́ èwo nínú wọn ni kí n lé dànù?

Lọ́jọ́ àríyànjiyàn, iwájú ni mo jókòó, mo fẹ̀ bí ẹni tó ni gbọ̀ngàn. Lọ́yà sọ̀rọ̀ bí ẹni ń mumi, ó wá kádìí ẹ̀: "Ẹ rántí o, Ọlọ́run kì í ṣe adití!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Jẹ́jẹ́ dìde, ó sọ tirẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ rántí o, Ọlọ́run kì í ṣe adití!"

Yéè! Gbólóhùn kan ṣoṣo tó dùn lẹ́nu mi, mo ti há a fún àwọn méjèèjì. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ wo ara wọn, wọ́n wò mí. Ojú gbà mí tì.

Nígbà tí a délé, orí bẹ́ẹ̀dì kan náà ni wọ́n jókòó sí dè mí.

"Àǹtí," Lọ́yà ní, "nínú àwa méjèèjì, ta lẹ rò pé ó tọ̀nà?"

"Ṣé ẹ rí i, ẹ̀yin méjèèjì lẹ—"

"Rárá o!" Wọ́n jọ pariwo mọ́ mi. "Ẹ mú ọ̀kan!"

Mo dáhùn pé Jẹ́jẹ́ ni, nítorí ó wù mí kí àdúrà yé ẹni tó ń gbà á.

Lọ́yà bínú gidi. Àmọ́ èmi ló ń bínú sí. Èjìká àbúrò rẹ̀ ló gbórí lé, tó ń fẹjọ́ mi sùn ún.