Àmì Abẹ́ Ìka

Nígbà tí àrùn ojú gba ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú Modúpẹ́olúwa, ẹ̀ka ìṣirò tó ti ń kọ́ni ní yunifásítì jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọdúnayọ̀, olórí ẹ̀ka náà, ló wá jíṣẹ́ fún un nílé ní Ìkẹ́nnẹ́.

"Dókítà, a ti bá yín wá àyè sí ọ́fíìsì tó ń gba àlejò. Iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni."

"Ta ló sọ fún yín pé iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni mò ń wá?"

"Ojú ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò, mà. Báwo lẹ ṣe fẹ́ ka ohun tí ẹ máa kọ́ wọn?"

Modúpẹ́olúwa gbé ìbínú rẹ̀ mì. "Ẹ dúró dè mí títí sáà tuntun yóò fi bẹ̀rẹ̀. Bí mi ò bá lè kọ́ kíláàsì níṣojú yín, mo máa lọ gba àlejò."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Ìpẹ̀rú, ó lọ bá Ebenezer Mákánjúọlá, bàbá tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì kan níbẹ̀. Láti kékeré ni bàbá náà ti fọ́jú. Bírélì ló fi ń kàwé, ìyẹn àwọn àmì tótòtó tó yọ sókè lórí ìwé, tí wọ́n ń fi ìka kà.

Ebenezer gbé ìka rẹ̀ lé ojú àmì kan. "Lẹ́tà d nìyí. Ṣùgbọ́n bí àmì òǹkà bá ṣáájú rẹ̀, ó ti di ẹẹ́rin. Tí ẹ bá tún bá a nínú ìwé orin mi, ohùn dó ni."

"Àmì kan ṣoṣo yìí?"

"Òun náà ni. Ẹ kọ́kọ́ mọ inú ìwé tí ẹ wà, kí ẹ tó sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n."

Modúpẹ́olúwa rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. "Bíi x tiwa ni, sà. Nínú ìṣirò, ohun tí à ń wá ni. Lórí ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́, ó túmọ̀ sí pé ó ṣì í."

Ẹ̀kọ́ náà le. Gbogbo àmì ń dàpọ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀ bí iyanrìn. Lọ́jọ́ kan, ó ti ìwé náà dànù, ó bú sẹ́kún. Ebenezer ò bẹ̀ ẹ́, ó kàn ń tẹ dùùrù rẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹkún dá, ó ní, "Ó yá, ìlà tó kàn." Modúpẹ́olúwa fọwọ́ tá ilẹ̀, ó wá ìwé rẹ̀ rí, ó ka ìlà náà.

Bàbá ò mọ àwọn àmì ìṣirò gíga. Ibi ìkàwé yunifásítì ló bá wọn wá ìwé rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ ń kọ́ ọ. Èyí tí ìka Modúpẹ́olúwa ò bá tètè dá mọ̀, Ebenezer á kà á. Èyí tí ò bá yé Ebenezer, Modúpẹ́olúwa á là á yé e.

Sáà tuntun dé. Ọdúnayọ̀ jókòó sẹ́yìn kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Kareemat sì dúró síwájú láti máa kọ ohun tí olùkọ́ bá pè. Modúpẹ́olúwa gbé ìka lé ìwé rẹ̀.

"Kọ ọ́: x àti oókan, lórí eéjì. Bí x bá jẹ́ ẹẹ́ta, kí ni ìdáhùn?"

Eéjì ló ń retí.

"Mẹ́ta àbọ̀!" ni kíláàsì dáhùn.

"Rárá o."

Wọ́n ń kùn, ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ọdúnayọ̀ wúkọ́. Modúpẹ́olúwa ò kúrò lójú kan.

"Kareemat, níbo lo ti bẹ̀rẹ̀ ìlà tó wà láàárín?"

"Abẹ́ oókan nìkan ni mo fà á sí, mà."

Ó yé e. Ó tún fọwọ́ wá ìwé náà: àmì kan ṣí ìdá náà kí x tó wọlé, òmíràn tì í lẹ́yìn eéjì.

"Ẹ gbọ́ o. Ojú yín ń rí bí ìlà ṣe gùn tó. Ìka mi ń bá ibi tí wọ́n ti ṣí i àti ibi tí wọ́n ti tì í. Etí nìkan ni mi ò fún ní nǹkan kan. Kareemat, pa á rẹ́. Ó yá: ṣí. X àti oókan. Lórí. Eéjì. Tì."

Ṣọ́ọ̀kì ń dún lójú pátákó. "Eéjì ni ìdáhùn, mà!"

Ó pe èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá nínú ìdá. Kareemat kọ ọ́ láìṣì í, àwọn tó wà lẹ́yìn sì ń bá olùkọ́ pe "ṣí" àti "tì". Bí wọ́n ṣe ṣe é títí àkókò fi tó nìyẹn.

Ọdúnayọ̀ wá bá a níwájú. "Dókítà, kíláàsì yìí ti di tiyín. Ká fi òun nìkan bẹ̀rẹ̀ ná."

"Mo gbà á fún sáà yìí. Ní sáà tó ń bọ̀, gbogbo kíláàsì mi ni mo fẹ́."

"Ó dáa, mà. A máa sọ ọ́."

"A ti ń sọ ọ́ nìyẹn."

Kareemat ò tíì lọ. Ó ní ìbéèrè kan ò yé òun nínú iṣẹ́ àṣetiléwá. Modúpẹ́olúwa fa àga, ó jókòó.

"Pè é fún mi," ó ní. "Má kánjú."